Èwo ni kí ọ̀dọ́langba kọ́kọ́ mú? Ìwé ìtàn onídán méje, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

Bí àwọn ọ̀dọ́langba bá ń jiyàn lórí ìwé ìtàn onídán, gbólóhùn mẹ́ta kan kì í wọ́n lẹ́nu wọn: "ó falẹ̀ jù", "mi ò lè gbé e sílẹ̀", àti "ìparí ẹ̀ bí mi nínú". Òótọ́ ni gbogbo wọn lójú ẹni tó sọ ọ́, àmọ́ wọn kì í ran ẹni tí kò tíì ka ìwé náà lọ́wọ́. Ìwé tó falẹ̀ lójú Lágbájá ni Tàmẹ̀dò kà mọ́jú. Ẹni tó sì sọ pé ìparí ìwé kan bí òun nínú lè jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn ìwé ọ̀hún jù lọ láàárín wọn.

Mo ti ka àwọn ìwé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí, mo sì ti gbọ́ àríyànjiyàn lórí wọn lẹ́nu àwọn ọmọ tí wọ́n tìtorí wọn kọ ọ́. Ohun tí mo rí ni pé ìbéèrè kan ló ń pín àwọn òǹkàwé níyà, bí wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ni àwọn ń dáhùn: kí ni agbára inú ìwé náà ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó? Nínú ìwé kan, agbára ń wá bí ogún, eré àti ẹ̀rín ló sì ń bá a rìn. Nínú òmíràn, ó ń jẹ ẹran ara, ó ń jẹ oorun, ó ń gba ẹni tí a fẹ́ràn. Ẹ bi ọmọ tó ń wá ìwé léèrè irú èyí tí ọkàn rẹ̀ lè gbà lásìkò yìí, ẹ ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ èyí tí ẹ máa gbé lé e lọ́wọ́. Iye ojú ìwé, àwòrán iwájú ìwé àti ẹ̀bùn tí ìwé gbà kò lè tọ́ yín sọ́nà tó bẹ́ẹ̀.

Méje ni mo mú. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ gbogbo wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ní ìwé mìíràn tó tẹ̀ lé e.

| Ìwé | Òǹkọ̀wé | Ọdún tó jáde | Ẹni tó ń sọ ìtàn |
|---|---|---|---|
| A Wizard of Earthsea | Ursula K. Le Guin | 1968 | Asọ̀tàn tó dúró sí òkèèrè |
| Sabriel | Garth Nix | 1995 | Asọ̀tàn tó ń tẹ̀ lé Sabriel |
| The Lightning Thief | Rick Riordan | 2005 | Percy fúnra rẹ̀ |
| Akata Witch | Nnedi Okorafor | 2011 | Asọ̀tàn tó ń tẹ̀ lé Sunny |
| Six of Crows | Leigh Bardugo | 2015 | Orí kọ̀ọ̀kan ń tẹ̀ lé ẹnì kan |
| Children of Blood and Bone | Tomi Adeyemi | 2018 | Zélie, Amari àti Inan, ní ìpààrọ̀ |
| Raybearer | Jordan Ifueko | 2020 | Tarisai fúnra rẹ̀ |

The Lightning Thief tàbí Akata Witch

Olú ẹ̀dá-ìtàn inú ìwé méjèèjì jẹ́ ọmọ ọdún 12. Percy Jackson ń gbé ní New York. Ilé ẹ̀kọ́ tó ti lé e kúrò kì í ṣe ẹyọ kan. Lẹ́tà inú ìwé máa ń fò kiri lójú rẹ̀, ara rẹ̀ kì í sì í gbélẹ̀. Sunny Nwazue ní tirẹ̀ jẹ́ àfín. New York ni wọ́n bí òun náà sí, àmọ́ Aba ní Nàìjíríà ló ń gbé báyìí, bọ́ọ̀lù tó fẹ́ràn kò sì ṣeé gbá fún un nínú oòrùn.

Ohun kan náà ni òǹkọ̀wé méjèèjì ṣe: ohun tí àwọn èèyàn ń wò bí àléébù lára ọmọ, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n fi agbára rẹ̀ sí. Ojú Percy kò gba lẹ́tà inú ìwé torí pé èdè Gíríìkì àtijọ́ ni wọ́n dá a mọ́. Àìlèjókòó-jẹ́ẹ́ rẹ̀ sì rèé, ara jagunjagun tó ń retí ogun ni. Ọmọ bíbí inú Riordan ló ní ìṣòro méjèèjì yìí, òun ni bàbá rẹ̀ sì kọ́kọ́ ń sọ ìtàn náà fún kó tó di ìwé. Ẹni tó bá kà á á mọ̀ ọ́n lára, torí kò sí ibì kankan tí òǹkọ̀wé náà ti fi Percy ṣẹ̀sín nítorí pé kò mọ ìwé kà dáadáa. Nínú Akata Witch, jíjẹ́ àfín ló jẹ́ kí Sunny lè pòórá lójú èèyàn. Orlu ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí lẹ́tà ń dàrú mọ́ lójú bíi ti Percy, ló lè tú oògùn yòówù tí ẹlòmíràn bá dì.

Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni pé Percy jogún tirẹ̀. Òrìṣà Gíríìkì ni bàbá rẹ̀, omi sì ti ń dá a lóhùn kó tó mọ ìdí. Sunny gbọ́dọ̀ kọ́ṣẹ́. Bí ọmọ kan bá lóye ohun tuntun nínú ayé tí Okorafor dá, owó irin tí wọ́n ń pè ní chittim á já bọ́ láti òkè sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí òye náà bá ṣe jinlẹ̀ tó ni owó á ṣe pọ̀ tó. Ọmọ á ka ojú ìwé kan, yóò dákẹ́, yóò ronú, òye á là á, á wá gbọ́ "wọ̀ọ̀" lẹ́bàá ẹsẹ̀. Mi ò tíì rí ìwé ọmọdé mìíràn tó fi adùn ẹ̀kọ́ hàn báyìí láìwàásù fúnni.

Kí ni àwọn ọ̀dọ́ fúnra wọn ń sọ? Àwọn tó fẹ́ràn Percy ń sọ pé ó ń pa àwọn lẹ́rìn-ín láti orí àkọ́kọ́, pé bí ọ̀rẹ́ tó jókòó tì wọ́n ló ṣe ń sọ̀rọ̀. Àwọn tó ti tó ọdún 15 sì ń sọ pé ó ti kéré fún àwọn: ibi tí wọ́n bá dé, ẹ̀dá abàmì kan á dìde, wọ́n á bá a jà, wọ́n á tún gbéra. Àwọn méjèèjì ló jàre. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan Akata Witch ni pé ìjà ìkẹyìn yá jù, pé lẹ́yìn gbogbo ìmúrasílẹ̀, ojú ìwé díẹ̀ ni ọ̀tá lò níwájú wọn. Mo gbà pẹ̀lú wọn níbẹ̀. Síbẹ̀, kì í ṣe ìjà ló ń gbé ìwé náà. Ọ̀rẹ́ mẹ́rin tó ń kọ́ ayé tuntun papọ̀ ló ń gbé e.

Ọmọ tí kò tíì ka ìwé nípọn kankan parí rí, tàbí tí ìwé kíkà ń ni lára bíi ti Percy, ẹ fún un ní The Lightning Thief láìṣiyèméjì. Ọmọ tó bá ti mọ̀wé kà, tó ń béèrè ìbéèrè lórí ohun gbogbo, Akata Witch ni tirẹ̀. Ẹ kàn mọ̀ pé Black Hat Otokoto, ọ̀tá inú ìwé yẹn, àwọn ọmọdé ló ń jí gbé tó sì ń pa. Bí ọmọ bá kéré tí ẹ̀rù sì máa ń bà á lálẹ́, àgbàlagbà kan lè máa kà á pẹ̀lú rẹ̀.

A Wizard of Earthsea àti Sabriel: ìwé méjì tó kọjú sí ikú

Níbí ni àríyànjiyàn ti máa ń gbóná jù, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ bá mi wò ó. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló máa ń yára dárúkọ Earthsea fún ọ̀dọ́ torí pé àwọn fúnra wọn kà á ní kékeré. Ọ̀dọ́ á gbà á, á ka ogún ojú ìwé, á sì gbé e jù sílẹ̀. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá ti kọ́kọ́ sọ irú ìwé tó jẹ́ fún un.

Ilé ìtẹ̀wé kan ló ní kí Le Guin kọ ìwé fún àwọn ọmọ tó ti ń dàgbà. Ó ronú sí àwọn onídán arúgbó onírùngbọ̀n funfun tó kún inú ìtàn, ó wá bi ara rẹ̀ léèrè pé báwo ni wọ́n ṣe rí kí wọ́n tó ní irùngbọ̀n. Ìdáhùn rẹ̀ ni Ged, ọmọ kan tó ń da ewúrẹ́ ní erékùṣù Gont, ọmọ tó ní ẹ̀bùn ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ tí ìgbéraga sì kún inú rẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ pupa bí bàbà, Vetch ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì dúdú. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ilé ìtẹ̀wé kan ń ya Ged bí òyìnbó sí iwájú ìwé, Le Guin sì bá wọn jà lórí ọ̀rọ̀ yìí ní gbangba.

Ẹ wo alẹ́ tí gbogbo nǹkan bàjẹ́. Ged ti wà nílé ẹ̀kọ́ onídán ní erékùṣù Roke. Jasper, tó jù ú lọ ní ipò, ti ń fi ẹnu gún un lára fún ìgbà pípẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ náà, níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù, Ged búra pé òun á pe òkú dìde, Elfarran, arẹwà obìnrin tó ti kú láti ayébáyé. Ó pè é. Obìnrin náà hàn lóòótọ́, fún ìṣẹ́jú akàn. Àmọ́ ibi tó gbà wá ya bí aṣọ, òjìji dúdú kan tí kò ju ọmọ kékeré lọ sì bọ́ síta láti inú ihò náà, ó fò mọ́ Ged lójú, ó ń fà á ya. Olórí gbogbo onídán ayé, Nemmerle arúgbó, ló wá dí ihò náà. Agbára tó kù lára rẹ̀ ló ná síbẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti kú. Ged wà lórí ibùsùn fún ìgbà pípẹ́, àpá ò kúrò lójú rẹ̀ mọ́, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń yára jù lọ sì di ẹni tó ń fà sẹ́yìn. Òjìji náà sì ṣì wà lóde, ó ń wá a.

Ohun tí agbára gbà nìyẹn: ẹ̀mí ẹlòmíràn, àti ìgboyà ọmọ náà. Gbogbo ìwé tó kù dá lórí bí ẹni tó ṣe aburú ṣe lè kọjú sí ohun tó ti ọwọ́ ara rẹ̀ jáde.

Àwọn ọ̀dọ́ tí kò fẹ́ràn rẹ̀ ń sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu ò pọ̀ níbẹ̀, pé asọ̀tàn ń sọ̀rọ̀ láti òkèèrè bí ẹni tó ń rántí ìtàn ìlú. Bẹ́ẹ̀ ló rí. Le Guin kì í tẹ́ inú ọkàn Ged sílẹ̀ fún yín. Ó máa ń sọ ohun tó ṣe, ó sì máa ń dákẹ́. Ọdún mẹ́ta lè kọjá nínú gbólóhùn kan. Ọmọ tó fẹ́ràn àlọ́, tó máa ń gbọ́ ìtàn láìjá asọ̀tàn lẹ́nu, á gbádùn rẹ̀. Ọmọ tó ń fẹ́ kí wọ́n jẹ́ kó gbọ́ èrò ọkàn ẹ̀dá-ìtàn láràárọ̀ kò ní gbádùn rẹ̀. Bí mo bá ń fi ìwé náà fún ẹnikẹ́ni, ohun tí mo máa ń sọ ni pé: kà á sókè. Ẹni tó bá fi etí gbọ́ ọ kì í pè é ní èyí tó falẹ̀.

Sabriel mú ikú lọ́nà mìíràn pátápátá. Ilẹ̀ méjì ló wà níbẹ̀, odi gígùn kan ló pín wọn. Ní gúúsù, iná mànàmáná wà, ọkọ̀ wà, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin wà tí Sabriel ti ń parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ọmọ ọdún 18. Ní àríwá, agbára idán ló jọba, òkú ò sì í sùn. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ láti àríwá, ẹ̀rọ ò ní ṣiṣẹ́ mọ́ lẹ́bàá odi náà. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ ogun ibẹ̀ fi ń gbé idà pọ̀ mọ́ ìbọn. Abhorsen ni oyè bàbá Sabriel, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dá òkú tó bá jáde padà sí ibùgbé wọn. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹ̀dá kan gbé àpò wọ inú ilé ẹ̀kọ́. Idà bàbá rẹ̀ àti àwọn agogo rẹ̀ ló wà níbẹ̀, bàbá fúnra rẹ̀ kò sì wá.

Àwọn agogo yẹn ni mo kà sí ọgbọ́n tó ga jù nínú gbogbo ìwé méje yìí. Méje ni wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ àti ìwà tirẹ̀. Ranna, èyí tó kéré jù, ń mú oorun wá. Mosrael ń jí òkú, ṣùgbọ́n bó bá ṣe ń fa òkú wá sí ayé ni yóò máa ti ẹni tó lù ú lọ sí ọ̀run. Kibeth ń múni rìn, ó sì lè mú ẹni tó lù ú fúnra rẹ̀ rìn lọ síbi tí kò fẹ́ bí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣì í. Saraneth ń de òkú mọ́ ìfẹ́ ẹni tó lù ú. Astarael tó tóbi jù ń rán gbogbo ẹni tó bá gbọ́ ọ lọ sínú ikú, títí kan ẹni tó gbá a mú lọ́wọ́. Ẹ rí i pé kò sí agogo kan níbẹ̀ tó jẹ́ ti ọ̀fẹ́. Bí Sabriel bá na ọwọ́ sí àmùrè rẹ̀, òǹkàwé ti mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó ń rò ó pé èwo ló máa mú, kí ló máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀run fúnra rẹ̀ jẹ́ odò tútù tó ní ẹnubodè mẹ́sàn-án, omi rẹ̀ ń wọ́ni lọ, yìnyín á sì bo ara ẹni tó wọ ibẹ̀ níbi tó fi í sílẹ̀ láyé.

Ẹ̀sùn tí àwọn ọ̀dọ́ ní sí i ni pé ó dá wà jù. Lóòótọ́ ni, ojú ìwé púpọ̀ ni kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀ ju Sabriel àti Mogget, ológbò funfun kan tí kì í ṣe ológbò. Ìfẹ́ tó wà láàárín òun àti Touchstone, ọkùnrin kan tó bá pàdé lójú ọ̀nà, sì dé lójijì. Àmọ́ ẹni tó ń wá ìbẹ̀rù tó mọ́gbọ́n dání, tó fẹ́ kí ewu ní òfin, kò ní rí èyí tó dà bíi rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ni mo lè mú nínú méjèèjì fún ọmọ ọdún 13 tí mi ò mọ̀ rí, Sabriel ni màá mú. Bí mo bá mọ ọmọ náà, tí mo sì mọ̀ pé ó ń gbé ẹ̀bi kan kiri nínú ara rẹ̀, Earthsea ni, láìronú lẹ́ẹ̀mejì.

Children of Blood and Bone àti Raybearer

Wọ́n máa ń so ìwé méjèèjì yìí pọ̀ torí pé àwọn òǹkọ̀wé wọn jẹ́ ọmọ Nàìjíríà tó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, àti torí pé àwọn orúkọ tí a mọ̀ kún inú wọn: Ọya, Yemọja, Ekundayo, àbíkú. Síbẹ̀, wọn ò jọra rárá. Ilẹ̀ àròsọ sì ni ilẹ̀ méjèèjì; ẹni tó bá ń kà wọ́n kó má fi wọ́n ṣe ìwé ẹ̀kọ́ nípa ìṣẹ̀ṣe. Àbíkú inú Raybearer, fún àpẹẹrẹ, jẹ́ ẹ̀mí àìrí ìsàlẹ̀ ilẹ̀ tó ń gba ọmọ bí ìsanwó lọ́wọ́ àwọn aráyé.

Inú ìbínú ni ti Adeyemi ti wá. Ó kọ ọ́ síbi ọ̀rọ̀ ìparí ìwé náà pé ikú àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọn kò gbé ohun ìjà, lọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá Amẹ́ríkà, ló ti òun dé ìdí rẹ̀. Ọba Saran ti pa idán run, ó sì pa àwọn tó ń lò ó, ìyá Zélie wà lára wọn. Àwọn ọmọ wọn, tí irun funfun fi hàn yàtọ̀, ló kù tí wọ́n ń san owó orí tí kò lópin, tí wọ́n sì ń fi èébú pè. Amari ọmọ ọba rí i tí bàbá rẹ̀ pa ìránṣẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó jí ìwé kíká kan, ó sá lọ bá Zélie lójà. Inan, arákùnrin Amari, ni wọ́n rán láti lépa wọn, lójú ọ̀nà ló sì rí i pé idán tí bàbá òun kórìíra wà nínú ara òun.

Inan ló jẹ́ kí n dúró ti ìwé yìí. Zélie ní ìgboyà, Amari ń dàgbà lójú wa, àmọ́ Inan ni ọmọ tó ń fi gbogbo okun rẹ̀ tẹ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó ń ka nǹkan sínú kí agbára má baà jáde. Àwọn ọ̀dọ́ kan kórìíra rẹ̀ gan-an, wọ́n ní aláìlẹ́mìí-ìpinnu ni. Mo lóye wọn, ṣùgbọ́n mo rò pé òun ni òtítọ́ tó le jù nínú ìwé náà: bí wọ́n bá ti kọ́ ọmọ láti kékeré pé ẹ̀gbin ni ohun tó wà lára rẹ̀, kò lè fi ọjọ́ kan ṣoṣo gbàgbé ẹ̀kọ́ náà. Ibi tí mo ti gbà pẹ̀lú àwọn tó ń bínú ni ọ̀rọ̀ ìfẹ́ àárín òun àti Zélie. Ó yá jù. Ẹni tó ń sá fún èèyàn tó fẹ́ pa á kì í gbàgbé bẹ́ẹ̀.

Agbára inú ìwé yìí ń jẹ ara. Bí Zélie bá fi ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ pe idán, ó lè pa á. Ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹ̀dá-ìtàn níbẹ̀ kò sì bò rárá; ibi tí àwọn ọmọ ogun ti mú Zélie le láti kà. Ìwé náà ń sáré, orí rẹ̀ kúrú, ìtàn ń ṣẹlẹ̀ bí ẹni pé lójú ẹsẹ̀ yìí, kò sì sí ibi ìsinmi púpọ̀.

Raybearer ní sùúrù. Nínú ilé kan tí aráyé kò mọ̀ ni wọ́n ti tọ́ Tarisai, ìyá rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Lady sì ń wá bẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí ebi ìfẹ́ ìyá ń pa ni. Iwin tó gbọ́dọ̀ ṣe ohun mẹ́ta tí ọ̀gá rẹ̀ bá fẹ́ ni bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì fi ohun kẹta tó fẹ́ de ọmọ náà fúnra rẹ̀: bí Tarisai bá dé ààfin, tí àrẹ̀mọ Dayo bá yàn án sínú ìgbìmọ̀ rẹ̀, tí ó sì wá fẹ́ràn rẹ̀ dénú, kó pa á.

Ẹ wo bí òfin ayé yẹn ṣe mú ọ̀rọ̀ náà le sí i. Ọmọ mọ́kànlá ni àrẹ̀mọ máa ń yàn, wọ́n á so ọkàn wọn pọ̀, wọ́n á máa gbọ́ ara wọn láìlanu. Bí wọ́n bá pé, oríṣiríṣi ikú ò ní lè mú un mọ́: iná, májèlé, idà. Àwọn mọ́kànlá yẹn nìkan ni ọwọ́ wọn lè dé ẹ̀mí rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ pa á gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni tó bá sì ti wọ inú ìgbìmọ̀ náà kò lè jìnnà sí àwọn yòókù fún ìgbà pípẹ́ láìṣàìsàn. Ìfẹ́ ni agbára níhìn-ín, ìfẹ́ náà ni ó ń gbà. Tarisai tún lè rí ìrántí ènìyàn tàbí nǹkan tó bá fọwọ́ kàn, ìyẹn ni pé ọmọ tí wọ́n ti fi irọ́ tọ́ kò lè yẹra fún òtítọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀sùn tó tọ́ sí i ni pé orúkọ ilẹ̀ àti òfin pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ ọba náà tóbi, ọ̀pọ̀ ìjọba ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn kí wọ́n máa ṣàlàyé ìlú fún un lè rẹ̀ kó tó dé ààfin. Ẹ ní kó fara dà á títí Tarisai yóò fi pàdé Dayo.

Nínú méjèèjì, Raybearer ni mo kà sí ìwé tó dára jù. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kò ní gbà fún mi, torí pé Children of Blood and Bone ló kọ́kọ́ gbé wọn wọ inú irú ìwé yìí. Ọmọ tí inú ń bí sí ayé tó wà níwájú rẹ̀, tó fẹ́ ìwé tó ń bá a bínú, ti Adeyemi ni kó mú. Ọmọ tí òun àti òbí rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tí kò tíì yanjú, ti Ifueko ni. Fún méjèèjì, mi ò ní fi í fún ẹni tí kò tíì tó ọdún 13.

Six of Crows

Èyí dá dúró, torí pé kò sí ọmọ kankan níbẹ̀ tí àyànmọ́ ti yàn láti gba ayé là. Ọ̀dọ́ mẹ́fà láti ìlú Ketterdam ló gba iṣẹ́ láti yọ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan jáde kúrò nínú odi tí ẹnikẹ́ni kò jáwọ̀ rí. Olórí wọn, Kaz Brekker, ń tiro, kì í bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, kò sì ní idán kankan. Ọpọlọ ló fi ń ṣe gbogbo rẹ̀. Àwọn tó ní agbára ni ìtàn náà ṣàánú jù: egbòogi kan wà tó ń sọ agbára wọn di ńlá, ẹni tó bá sì ti tọ́ ọ wò kò lè yé fẹ́ ẹ mọ́.

Orí mẹ́ta àkọ́kọ́ máa ń da òǹkàwé láàmú. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di eré sísá. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn bí àwọn mẹ́fà ṣe ń bú ara wọn tí wọ́n sì ń gba ara wọn là. Àwọn kan ń ráhùn pé ìwà wọn ju ti ọmọ ọdún 17 lọ, ìyẹn sì jẹ́ òótọ́. Ọdún 15 sókè ni mo dábàá rẹ̀ fún, nítorí ìpànìyàn àti ohun tí ojú Inej, ọ̀kan lára àwọn mẹ́fà náà, ti rí nílé aṣẹ́wó tí wọ́n tà á sí. Kò pọn dandan kí ẹ ka àwọn ìwé ìṣáájú tí Bardugo kọ nípa ayé kan náà kí ẹ tó mú un.

Bí ẹ bá fẹ́ máa bá a lọ

Ẹni tó kórìíra kí ìtàn dúró sí ojú ọ̀nà lè mú Raybearer tàbí Six of Crows. Ìwé méjì méjì ni wọ́n, Redemptor (2021) àti Crooked Kingdom (2016) ló parí wọn. Ìtàn Percy ti ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ márùn-ún, ìkarùn-ún jáde ní 2009, Riordan sì tún ti ń fi òmíràn kún un láti 2023. Zélie jẹ́ mẹ́ta, ó parí ní 2024, ìwé àkọ́kọ́ sì gé yín sí ibi tó dùn jù, nítorí náà ẹ wá èkejì sítòsí. Sunny náà jẹ́ mẹ́ta, ọdún 2011, 2017 àti 2022, Sunny sì ń dàgbà pẹ̀lú òǹkàwé láti ọ̀kan dé èkejì.

Ẹni tó parí Earthsea tó ń wá Ged á rí i pé ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Tenar ló gba ìwé kejì, The Tombs of Atuan (1971). Ged kò yọjú títí ìwé náà fi rìn jìnnà. Ẹ sọ fún un ṣáájú, kó má baà ju ìwé sílẹ̀. Lójú tèmi, èkejì yìí tilẹ̀ ju àkọ́kọ́ lọ. Sabriel ní tirẹ̀ parí fúnra rẹ̀, ẹ lè dúró síbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ síwájú, ọmọbìnrin mìíràn lẹ ó bá nínú Lirael (2001), kí ẹ sì wá Abhorsen (2003) pọ̀ mọ́ ọn, torí àárín ìtàn gan-an ni Lirael dúró sí.